Ẹ Má Jẹ́ Kí Tẹlifíṣọ̀n Máa Dá Sọ̀rọ̀ Nílé Yín

Ọjọ́ tí nǹkan bá dà rú ni wọ́n máa ń pe èmi. Rẹdíónìkì ni mí, n'Íbàdàn níhìn-ín, mo sì ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe láti ọdún 1992 tí mo ti gba fìrídọ̀ọ̀mù. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni mo ti mọ irú ojú tí n óò bá nínú ilé: bàbá tó fọwọ́ lẹ́rán lórí àga, àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe, ìyá ilé tó ń béèrè kí n tó gbé àpò sílẹ̀ pé, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé kò ní sùn lọ́dọ̀ yín ṣá?" Mo ti wọ ilé olówó, mo ti wọ yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí. Bí mo bá ti tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tán, n kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn a gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, wọn a máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, etí mi a sì máa gbọ́.

Díẹ̀ nínú ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú èyí tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé tèmi gan-an, nítorí ẹni tó ń tún ti ará àdúgbò ṣe kì í tètè rí èyí tó bàjẹ́ nínú ilé rẹ̀.

Àwa ará Ìbàdàn fẹ́ràn láti máa fi tẹlifíṣọ̀n yangàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Agodi, "àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Èyí, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló máa ń sọ ohun tó bí WNTV fún àwa ọmọ iṣẹ́, nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí kò sí ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe. Lọ́dún 1953, nígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira ń gbóná, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Nàìjíríà, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò àtiní ti ara ẹni ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi a wá na ìka sí wa: "Ẹni tí wọ́n bú tí wọn ò jẹ́ kó fèsì ló gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún yín o."

Èmi a rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ogún ọdún kí ọ̀rọ̀ yẹn tó padà wá bá mi.

Nígbà èwe mi ní Òkè Àdó, tẹlifíṣọ̀n kan ló wà nínú gbogbo ilé wa, ti onílé ni. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ó jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, bàbá onílé ló sì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé a ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣáájú, a ó máa wo àwọn ìlà gbọọrọ tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò bí ẹni pé eré ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, bá fẹ́ jáde pẹ̀lú dígí ojú ńlá àti táì ràgàjì rẹ̀, pálọ̀ a kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí kò ráyè wọlé a di irin fèrèsé mú níta. Kò sì sí ẹni tó ń panu mọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn a máa bá àwọn òṣèré jà: "Má wọlé o! Mo ní má wọlé! Wọ́n ti dọdẹ rẹ síbẹ̀!" Bàbá téláà a ní, "Jẹ́ kó wọlé, olójúkòkòrò ni." Bí eré bá parí, ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ní kọ́rídọ̀. Wọn a dá ẹjọ́ ìyàwó inú eré, wọn a dá ti ọkọ, wọn a tibẹ̀ bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ládùúgbò láìdárúkọ rẹ̀, gbogbo wa a sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn ju tòní lọ. Àwo ni mo máa ń fọ̀ fún ìyàwó onílé kí n tó lè jókòó, oṣù tí bàbá mi kò bá sì tètè san owó ilé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n pa lójú àwa nìkan. Ọmọ ẹgbẹ́ mi kan dá ní apá nítorí ìjàkadì tí a wò. Ó gun orí tábìlì, ó sì fò lé ẹnìkejì rẹ̀ lórí bí àwọn òyìnbó onísòkòtò péńpé yẹn ti ń ṣe. Àwọn àgbà ti sọ fún un pé eré ni, kò gbọ́. Síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń wí tirẹ̀, àgbàlagbà ń wí tiwọn, ọmọdé wà láàárín, ó ń gbọ́ méjèèjì.

Nígbà tí mo wọ ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dún 1988, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ́ mi kò kan bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ó mú mi lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ kan tí wọ́n ti yọ lára iná láti àná, ó ní kí n wò ó dáadáa. "Ó ti kú, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ẹnu sìkúrúdiráíbà kan ibì kan lẹ́yìn agolo dígí ńlá inú rẹ̀, iná sì ta pàá! Àwọn tẹlifíṣọ̀n onígbáńdú ayé ìjọ́un, iná tó ń wọ inú agolo dígí wọn lé ní 20,000 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pa á. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín. Ojú tẹlifíṣọ̀n lè ti ṣókùnkùn kí ohun tó gbà sínú máa dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà síbẹ̀.

Oníbàárà mi kan wà ní Mọ́kọ́lá, opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oṣooṣù ló ń pè mí. Èmi a tú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, n óò gbọn eruku àti aáyán inú rẹ̀ dànù, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà tó yá ni mo fura pé ó kàn fẹ́ rí ènìyàn ni. Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn kí àwa tí a ń wò ó pé a kú alẹ́, ni màmá bá fi ìdí rọ̀ síwájú lórí àga: "Ẹ kú alẹ́ o, ọmọ mi. Táì tòní bá ọ mu." Kò fi ṣe àwàdà. Ó tún yíjú sí mi, ó ní ọmọ náà ti rù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bóyá ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló di ọjọ́ kan tí fíúùsì rẹ̀ jó lóòótọ́ tí mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì, màmá dé. Ó jókòó sórí báǹṣì mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò dúró ti tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ní kí wọ́n bá a gbé e lọ sílé ní aago méjìlá, ó ní kí n fi sílẹ̀ ná. Ó ń bá ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ó wá yé mi pé ó ń dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn lójoojúmọ́, kò sì sí etí kankan tó ń gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọjá ní Mọ́kọ́lá, mo ń yà láìjẹ́ pé ó pè mí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń dá gbé, ẹ̀yin tí ẹ fi tẹlifíṣọ̀n ńlá ránṣẹ́ sí i láti London tàbí Houston, ẹ ṣeun. Ẹ ṣì máa pè é ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kí ẹ bi í pé kí ni wọ́n sọ nínú ìròyìn. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ ò bá ti rò pé yóò lò ó nílé ara rẹ̀.

Lọ́dún 2013, ọwọ́ mi ṣe déédéé. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tòkúnbọ̀ ti pọ̀ ní Queen Cinema, èmi sì mọ èyí tó ṣe é tún ṣe lówó pọ́ọ́kú. Mo rà wọ́n bí ẹni ń ra iṣu. Ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún yàrá èmi àti ìyàwó mi, ọ̀kan fún àwọn ọmọ, ọ̀kan fún màmá mi tó ti wá ń bá wa gbé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí àlàáfíà lè wà ni. Tẹ́lẹ̀, ìjà rìmóòtù kò jẹ́ ká gbádùn: bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́, eré Íńdíà ni ìyá àwọn ọmọ fẹ́, kàtúùnù ni àwọn ọmọ ń pariwo lé lórí. Lẹ́yìn tí mo gbé mẹ́rin kalẹ̀, ilé wa pa rọ́rọ́. Àwọn àlejò a máa yìn wá pé àwọn ọmọ wa kì í ṣe wàhálà. Bí NEPA kò bá mú iná lọ, a lè lò tó wákàtí mẹ́rin láàárín ara wa kí a má sọ ju "ẹ kú oúnjẹ" lọ. (Mo máa ń sọ ọ́ ṣàwàdà pé NEPA ló ń bá wa so ilé wa pọ̀, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní, tẹlifíṣọ̀n kan pẹ̀lú fáànù ló lè gbé.)

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Òun ló san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Ìyá àwọn ọmọ mi mọ̀, gbogbo ẹbí mọ̀. Ọjọ́ Sunday ló máa ń wá, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Mọ́ínmọ́ín eléwé ni, tàbí àmàlà tó ti rò sínú ike. Lọ́dún 2016, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 8, kò jẹ mọ́ínmọ́ín náà mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní inú ń run òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ti yó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ rí i tó ń yọ́ gbé e fún ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó ń lọ, ó ní, "Àbúrò, bí mo bá ṣẹ ìyàwó rẹ, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ọmọ kékeré kì í dá irú èyí rò." Mo wọlé lọ bi ìyàwó mi, bí mo sì ṣe bi í ni kò dáa, mo ti dá a lẹ́bi kó tó yanu. Ó sunkún. Ó ní òun tí òun ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. A bi ọmọ, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Fún bí oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n mi kò wá lọ́jọ́ Sunday mọ́, ìyàwó mi sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ní kúkúrú.

Tẹlifíṣọ̀n yàrá àwọn ọmọ ló tú u fó. Iná tó ń tànmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kú, ohùn ń jáde, àwòrán kò hàn. Mo tún un ṣe ní ọ̀sán Saturday kan. Bí a bá tún irú rẹ̀ ṣe, a kì í kàn tàn án ká sì máa lọ. A ní láti jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì ká lè mọ̀ pé kò ní padà kú. Bí mo ṣe jókòó ti ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin, wọ ilé ìdáná lọ, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó tú ìdí ìró, ó sì da nǹkan sínú ọbẹ̀. Ọmọ mi kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tí ọmọ bá ń ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé: "Bí Màmá Bódìjà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi, Dádì. Ẹ̀gbọ́n dádì ló máa ń ṣe é. Gbogbo ìgbà ni."

Gbogbo ìgbà ni. Ó ti wò ó títí, ó rí i nínú fíìmù yìí, ó rí i nínú òmíràn, ọmọ tó ní làákàyè ni, ó fi wọ́n wé ara wọn, ó sì mú ẹ̀kọ́ jáde níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n bàbá tó bá gbé oúnjẹ wá, májèlé ló gbé wá. Tiẹ̀ ronú sí i, bí ohun tó rí bá jẹ́ òótọ́, ìwà ọlọ́gbọ́n ló hù. Ó tilẹ̀ ń dáàbò bo àbúrò rẹ̀. Òun ló ń gba tirẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ewúrẹ́. Tẹlifíṣọ̀n náà ti kú fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún un ṣe o, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbé sínú ọmọ ṣì wà níbẹ̀ bí iná inú agolo dígí, a sì ń fọwọ́ kàn án láìmọ̀.

Kò sí ìyá ẹlẹ́kọ nínú yàrá yẹn. Òun ni mo rò lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ì bá ti pariwo pé, "Obìnrin burúkú! Ẹ̀gbọ́n tèmi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀!" ọmọ ì bá sì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n méjì ló wà láyé. Àlọ́ ìjàpá tí wọ́n pa fún wa kò mọ́ ju fíìmù yìí lọ; irọ́, olè àti ìyà ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń pa àlọ́. O lè dá a dúró láàárín, kí o ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni?" Bó bá sì parí, á sọ fún ọ pé ìdí àlọ́ òun rèé gbáńgbáláká. Ta ni ọmọ mi ì bá bi?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí n tó sọ ọ́. Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé ó ti gé e. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Èmi? Èmi tí n kò tilẹ̀ lè pa eku?" Ó wá lọ́jọ́ kejì. Kò bá ọmọ wí. Ó ní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ inú fíìmù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, ó mú un lọ sí Bódìjà fún ọjọ́ mẹ́rin, òun àti ọmọ jọ lọ ẹ̀wà, wọ́n jọ pọ́n ọn sínú ewé. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ tó jẹ ẹ́. Mi ò tako àwọn tó ń ṣe fíìmù, ohun tó ń tà ni wọ́n ń ṣe. Ẹjọ́ mi ni, mo fi ọmọ ọdún mẹ́jọ sílẹ̀ kó máa dá gbọ́ ọ.

Ẹ ó rò pé mo kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n jáde lọ́jọ́ yẹn. Ti yàrá àwọn ọmọ nìkan ni mo gbé. Mo fi ti màmá mi sílẹ̀, mo ní àgbàlagbà ni, ta ni yóò tan àgbàlagbà jẹ?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe màmá, oògùn ilé ìwòsàn ló sì ń lò lójoojúmọ́. Ní ọ̀sánọ̀sán, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tó máa ń wò ń gbé ìpolówó agbo kan jáde. Ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun bíi dókítà a jókòó, á máa dárúkọ àrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ní ìgò mẹ́ta péré ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà fóònù a máa sáré lọ nísàlẹ̀. Màmá pe nọ́ńbà náà. Ọlọ́kadà ló ń gbé ìgò wá nígbà tí gbogbo wa bá ti jáde, owó tí mo ń fún un fún ẹran àti èso ló fi ń san án. Ó kó oògùn ilé ìwòsàn sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ìdájí ọjọ́ kan lọ́dún 2017, ẹnu rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ òsì kò sì gbé mọ́. A dúpẹ́, kò kú. Ọwọ́ yẹn kò padà bọ̀ sípò di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ní ilé ìwòsàn ni mo ti fara balẹ̀ ka ara ìgò náà. Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni màmá sì ń nà sí mi pé òun kò ra oògùn ayédèrú. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ín tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ní òun ń wò sàn wò. Ọ̀pọ̀ agbo inú ìgò ló ní irú àkọlé yìí. Òfin ló sọ pé kí wọ́n kọ ọ́. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé wọ́n mọ̀ nípa ọjà náà, kò sọ pé ó ń wo àrùn kankan. Ọkùnrin aláṣọ funfun kò ka apá yẹn sétí màmá mi. Èmi ló yẹ kí n kà á, mo wà ní pálọ̀ tí mò ń wo bọ́ọ̀lù. Àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti rí irú nǹkan báyìí tipẹ́. Lọ́dún 2004 wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde mọ́. Àjọ kò lè jókòó sí yàrá ìyá ẹni, ṣá. Bí òbí yín bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn, mo ta méjì, ọ̀kan ló kù ní pálọ̀. Ìjà rìmóòtù padà dé, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní èmi tí mo kó wọn wọlé láìbi òun ni mo tún ń kó wọn jáde láìbi òun, òótọ́ ló sì sọ. Nígbà tí a jókòó sọ ọ́, a pín ọjọ́. Ẹni tó bá ni ọjọ́ ló ni rìmóòtù láti aago méje alẹ́, kò sì gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń wò lè jókòó kó máa sọ ọ́ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Màmá ni ọjọ́ Thursday, eré Yorùbá tirẹ̀ ni.

Nǹkan kan tó dára jù tí a ṣe, ọmọ mi ọkùnrin ló dá a sílẹ̀. Bí ìpolówó ọjà bá ti bẹ̀rẹ̀, a ń pa ohùn rẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan a sì máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà kí orúkọ rẹ̀ tó jáde. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, ariwo ni. Ẹ ó rí i pé bí ohùn kò bá sí, ìpolówó ọṣẹ àti ti ilé ìfowópamọ́ jọ ara wọn: ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ń sáré, ọkọ ń wọlé. Màmá mi, pẹ̀lú ọwọ́ kan, ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ báyìí. Bó bá ti rí aṣọ funfun, á ní, "Olè ti dé."

Ìròyìn aago mẹ́sàn-án ti di ti gbogbo ilé. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a mí nígbà ìròyìn. Èmi gbà kí àwọn ọmọ béèrè ohun tó bá wù wọ́n, ojú sì ti tì mí lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ní, "Dádì, kí ni wọ́n ń pè ní owó ìrànwọ́ epo?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo rí i láàárín pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ díẹ̀ kí n tó gbàgbé. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá sí lára ògiri, ẹ dè é mọ́ nǹkan. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn a máa dì í mú láti fi dìde, mo sì ti tún èyí tó ṣubú ṣe tó pọ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ẹ yọ ọ́ lára iná bí òjò bá ṣú. Ọmọ ọwọ́, ẹ má ṣe fi tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ kó máa jókòó wo ohunkóhun lójú ẹ̀rọ, àti pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Ti fóònù ni ẹ ó bi mí báyìí, mo mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó ń wọ abẹ́ aṣọ ìbora ni fóònù. N kò rí ọ̀nà tí mo fi lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 17, ìwé ló tún fi ń kà. Ohun tí a ń ṣe ni pé, bó bá rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín tàbí tó bí i nínú, yóò gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí gbogbo wa jọ wò ó. Kì í gbé gbogbo rẹ̀ wá. Mo mọ èyí náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ ju èmi lọ. Ọmọ náà máa ń lọ lo ọjọ́ Saturday ní Bódìjà, mo sì ń gbọ́ pé wọ́n máa ń jà lórí àwọn ọmọbìnrin tó ń jó lórí fóònù.

Aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Bọ́ọ̀lù tí mo ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ará àdúgbò sì ti pariwo lẹ́ẹ̀kan, n kò mọ ẹni tó gbá a wọlé. Ìyá àwọn ọmọ mi na ọwọ́ sí ìyá ọkọ kan nínú eré Íńdíà, ó ní bó bá jẹ́ òun ni, òun á ti kó ẹrù òun. Màmá mi ní kò gbọdọ̀ kó ẹrù kankan. Tuesday lòní, ọjọ́ ìyá àwọn ọmọ ni.